Ìdáríjì Kì í Ṣe Ìgbàgbé

Òwe méjì kan wà tí a ti ń gbọ́ láti kékeré wá, tí wọn kò sì fi ohùn ṣọ̀kan. Èkíní wí pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì yóò rí ẹni bá ṣeré. Èkejì, tí a ń tọrọ gáfárà kí a tó pa á, wí pé ẹni tí ó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kó o kò jẹ́ gbàgbé. Àgbà kan náà lè pa méjèèjì ní ọjọ́ kan ṣoṣo: yóò pa èkíní nígbà tí ó bá ń parí ìjà onìjà, yóò sì pa èkejì nígbà tí ọ̀ràn bá kan òun tìkára rẹ̀. A kò sọ èyí láti fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí a ń wí ni pé ìgbàgbé ni òwe méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n Olúwa wa Jésù Krístì kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó gbàgbé. Ìdáríjì ni ó pa láṣẹ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìgbàgbé àti ìdáríjì ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ọ̀ràn náà kan àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà gidigidi. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ìbàdàn fi àjẹ́lẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ìlú wa, Ìlọrin náà sì fi tirẹ̀ sí i, ogun sì kó ọmọ wa lọ bí ẹni kó àgbàdo oko. Ní àwọn agbo ilé kan, àgbà ṣì wà tí ó lè ka orúkọ àwọn tí a kó, àti ti ẹni tí ó ṣe amọ̀nà fún àwọn tí ó kó wọn. Lórí ti ogun ni a ti wá di ti ààlà oko rù, lórí ti ààlà oko ni a sì ti di ti oyè. Bí a bá rán ẹnikẹ́ni nínú wa lọ sí ìletò láti kọ́ni, yóò rí i pé ọmọ agbo ilé méjì tí kì í kí ara wọn ni ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo níwájú òun, tí wọ́n sì ń gba Àdúrà Olúwa pọ̀ ní òròòwúrọ̀. Nínú àdúrà náà, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó ṣe sí wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe sí ẹlòmíràn. Àdúrà tí ó ní ẹ̀rù nínú ni. Bí olùkọ́ kò bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀, èpè ni ó ń kọ́ wọn láti ṣẹ́ lé ara wọn lórí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò lọ́nà. Ìparí ìjà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìdáríjì. Nígbà ogun Kírìjì, tí àwọn Ìgbómìnà wà lára Èkìtì Parapọ̀ tí ó dojú ìjà kọ Ìbàdàn, àlùfáà C.M.S. méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ sí ibùdó ìhà méjèèjì. (Olùkọ́ ilé ìwé ni Johnson kí ó tó di àlùfáà, kí a má ṣe gbàgbé èyí nígbà tí àwọn kan bá ń wí pé iṣẹ́ wa kéré.) Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1886, a fi ìdí àdéhùn múlẹ̀ ní ojú ogun, a sì fi iná sun àwọn ibùdó. Iṣẹ́ ńlá ni, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni a sì ti ipa bẹ́ẹ̀ gbà là. Síbẹ̀, àdéhùn lè gba ìbọn lọ́wọ́ ènìyàn, kò lè gba ohun tí ó dì sínú. Ẹni tí ó fi ibùdó sílẹ̀ nítorí pé agara ogun ti dá a lè máa gbé ibùdó mìíràn kiri nínú ọkàn rẹ̀, kí ó sì fi í sílẹ̀ bí ogún fún ọmọ.

Kí ni ìdáríjì, nígbà náà? Nínú Ìhìn Rere Mátíù, nígbà tí Olúwa ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní àdúrà, gbèsè ni ó fi ẹ̀ṣẹ̀ wé, orí gbèsè náà ni ó sì tún padà sí ní orí kejìdínlógún, nígbà tí Pétérù béèrè bóyá ìgbà méje tó. Ìránṣẹ́ kan jẹ ọba ní 10,000 tálẹ́ńtì. Ọba fi í jì í. Ó jáde, ó sì rí ìránṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ ẹ́ ní 100 owó dẹ́náríù, ó fún un lọ́rùn. Àwa tí a ń kọ́ ìṣirò, ẹ jẹ́ kí a ṣe é. Tálẹ́ńtì kan tó 6,000 dẹ́náríù, dẹ́náríù kan sì ni owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe. Nítorí náà gbèsè èkíní jẹ́ 60,000,000 dẹ́náríù. Bí alágbàṣe bá ń ṣiṣẹ́ ní 300 ọjọ́ lọ́dún, tí kò sì jẹ nínú rẹ̀, tí kò mu nínú rẹ̀, yóò gbà á ní 200,000 ọdún kí ó tó san án. Gbèsè èkejì, iṣẹ́ 100 ọjọ́ ni. Èkíní fi ìlọ́po 600,000 ju èkejì lọ.

Ẹ kíyè sí i pé Olúwa kò wí pé gbèsè kejì náà kì í ṣe gbèsè. Owó iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọjọ́ kì í ṣe owó kékeré fún tálákà. Ẹni tí wọ́n jẹ ní iye bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé a jẹ òun. Àwọn baba wa tí wọ́n rí Òṣómàáló rí mọ̀ bí ọ̀ràn ti rí: ó ti òkèèrè wá, ó ta aṣọ ní àwìn, nígbà tí ọjọ́ pé ó wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, ó ní òun kì yóò dìde àfi bí òun bá gba owó òun. Kí àwọn ará Ìjẹ̀ṣà tí ó wà láàárín wa má bínú. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó ń béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: níwọ̀n ìgbà tí ó bá lóṣòó síbẹ̀, òun náà kò lè lọ sí ibòmíràn. Onígbèsè wà nínú ilé, olówó wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn méjèèjì ni a dè mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá dárí jì ni kò sẹ́ pé wọ́n jẹ òun. Ó mọ iye rẹ̀, ó lè kà á ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ó dìde kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀sìẹ́ kò jìnnà sí wa. Àwọn ère òkúta tí ó wà níbẹ̀, tí ó ju 800 lọ, tí Ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, alábòójútó ilé ìwé C.M.S., ròyìn wọn fún ayé ní ọdún 1933, tí a sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ní ọdún 1945, ìtàn àtẹnudẹ́nu wí pé àlejò ni wọ́n rí, kí wọ́n tó di òkúta. Ẹ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ jiyàn lórí ẹni tí ó gbẹ́ wọn. Ohun tí ó ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé bí olúkúlùkù ti jókòó ni ó wà: ẹni tí ó di idà mú ṣì di idà mú, àlejò tí ó bá wọn níbẹ̀ lónìí yóò tún bá wọn bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí kò dárí jì. Ibi tí ọ̀ràn bá a ní ó wà.

Nísinsin yìí ẹ jẹ́ kí a wo ẹnì kan tí ó rántí ohun gbogbo, tí kò sì di òkúta. Ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ogun wọ Òṣogùn. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì tó ọdún 15, tí a ń pè ní Àjàyí, wà nílé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ Àfàlá àti àwọn arábìnrin rẹ̀. Baba rẹ̀ sáré wọlé wá láti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Ọmọ náà kò tún fojú kàn án mọ́. Wọ́n ju okùn sí wọn lọ́rùn, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ bí ẹni so ewúrẹ́. Ní Ìsẹ́yìn wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin kan. Ẹni tí ó gbà á dá a padà lẹ́yìn náà, ó gba ẹṣin rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn dá ọjà tí kò wù ú padà. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń tà á, wọ́n fi í pààrọ̀ tábà àti ọtí, títí ó fi dé Èkó lọ́wọ́ àwọn Potogí. Nínú ìrìn àjò náà, ó pinnu ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti fi ọ̀já ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn ní òru, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹrin, ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, gba ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀, a sì gbé e lọ sí Sàró.

Báwo ni a ṣe mọ gbogbo èyí? Òun ni ó kọ ọ́. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kejì, ọdún 1837, nígbà tí ó ti di Samuel Crowther tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó kọ lẹ́tà gígùn sí akọ̀wé C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún mẹ́rìndínlógún ti kọjá, síbẹ̀ kò gbàgbé okùn, kò gbàgbé ẹṣin, kò gbàgbé orúkọ ìlú tí ó sùn. Ó sọ àwọn tí ó kó wọn: àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, àwọn Fúlàní, àti àwọn ẹrú tí ó sá mọ́ wọn lẹ́yìn. Ọjọ́ tí a kó o, ó pè é ní ọjọ́ ìbànújẹ́. Ó sì wí pé ní ọ̀nà mìíràn a ti kọ́ òun láti pè é ní ọjọ́ ìbùkún. A rántí Jósẹ́fù níwájú àwọn arákùnrin rẹ̀ ní Íjíbítì. Òun náà kò wí pé wọn kò ṣe ibi. Ó wí pé ibi ni wọ́n rò, ṣùgbọ́n Ọlọ́run rò ó sí rere.

Ṣùgbọ́n ibi kan wà nínú lẹ́tà náà tí a kò gbọ́dọ̀ sáré kọjá. Nígbà tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú, wọ́n mú Potogí tí ó ni Àjàyí, àti ọmọ rẹ̀, wá sínú ọkọ̀ ogun pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n. Àjàyí rí i pé òun kò tún lè bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó mú ọkàn le, ó sún mọ́ ọn, ó sì lù ú lórí. Ta ni nínú wa tí yóò dá ọmọ náà lẹ́bi? A ti tà á bí ẹran, a ti ya á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan kan rí láti ọjọ́ tí okùn ti bọ́ sí i lọ́rùn. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ tó, ó nà án. Bí ó bá ṣe pé àwa ni a kọ ìtàn náà, a ó fi ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n Crowther, nínú lẹ́tà kan náà tí ó ti ka gbogbo ibi tí wọ́n ṣe sí i, dúró díẹ̀, ó sì wí pé ìwà búburú tí kò ní àánú nínú ni lílù tí òun lu ọkùnrin náà.

Níhìn-ín ni ìdáríjì gbé wà, a sì rò pé kò sí ibi tí ó ti hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀. Kò gbàgbé. Kò wí pé Potogí náà ṣe rere. Ṣùgbọ́n ó rí ẹni tí ó rà á bí ènìyàn tí a dè ní ẹ̀wọ̀n, tí ọmọ rẹ̀ dúró tì í, ó sì ka ìlù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà sí gbèsè tí òun jẹ. Ọkàn tí kò tíì dárí jì kò lè ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Gbèsè ẹlòmíràn nìkan ni ó ń kà.

Ẹnì kan lè béèrè pé, ṣé ẹni tí ó bá dárí jì yóò wá jẹ́ kí ibi máa lọ bẹ́ẹ̀? Rárá o. Ọkùnrin yìí kan náà bá ìrìn àjò Odò Ọya ti ọdún 1841 lọ, èyí tí a dá sílẹ̀ nítorí àti fi òpin sí òwò ẹrú. Ní ọdún 1851 ó dúró níwájú Ọbabìnrin Fìkìtóríà, ó sì rojọ́ òwò ẹrú ní Èkó fún un. (Ohun tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá ṣe ní Èkó ní ìparí ọdún náà jẹ́ ọ̀ràn mìíràn, ẹgbẹ́ ìjiyàn wa lè gbé e yẹ̀ wò.) Ó bá òwò náà jà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn ènìyàn tí ó ṣe òwò náà ni kò bá jà. Lẹ́yìn tí a ti yà á sí Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, ó rìn láti Lọ́kọ́ja gba Bídà lọ sí Èkó ní ọdún 1871 sí 1872, ó sì gba Ìlọrin, ìlú tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà wa yìí, kọjá. Ó bá àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ pẹ̀lú sùúrù, Bíbélì ní ọwọ́ rẹ̀. Ó sì ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi èébú bá Mùsùlùmí jiyàn. Kí ẹnikẹ́ni má sì lò ìtàn yìí láti fi bu ẹ̀sìn kan kù: Mùsùlùmí wà lára àwọn tí ó kó o ní Òṣogùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rà á ní Èkó, orílẹ̀-èdè tí ń pe ara rẹ̀ ní ti Krístì ni ó ti wá.

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ, ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún rí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25. Àfàlá náà ti jẹ ìyà ẹrú lẹ́yìn tí a yà wọ́n. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kejì, ọdún 1848, a ṣe ìrìbọmi fún un, a sì pè é ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì.

Ó dùn láti dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdánwò tí ó le jù ṣì wà níwájú. Ó rọrùn láti dárí ji Potogí tí a kò tún ní rí mọ́. Ẹni tí a jọ ń jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa ńkọ́? Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1890, ní Oníṣà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin míṣọ́nnárì òyìnbó kan jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìṣúná, wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù tí ó ti ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ, wọ́n sì dá àwọn àlùfáà kan dúró lẹ́nu iṣẹ́, títí kan ọmọ rẹ̀ Dandeson. Bàbá arúgbó dìde, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i: kò jókòó kí ó máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣe. Ìdáríjì kò sọ ọ́ di aláìlẹ́nu. Ṣùgbọ́n kò fi ìjọ sílẹ̀, inú rẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní Èkó ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1891.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, ọdún 2014, tí ó pé 150 ọdún géérégé tí a ti yà á sí Bíṣọ́ọ̀bù, Olórí Bíṣọ́ọ̀bù Canterbury ìgbà náà, Justin Welby, dìde nínú kàtídírà kan náà, ó sì tọrọ àforíjì fún ohun tí ìjọ ṣe sí i. Ó jẹ́wọ́ pé wọ́n dalẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì já a kulẹ̀. Ó dára pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò dárúkọ, kò sí bí a ṣe lè tọrọ ìdáríjì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ náà dé nígbà tí ó ti kú láti ọdún 122. Èyí ni a fi rò pé àríyànjiyàn tí a máa ń ṣe nínú yàrá wa ní alẹ́, bóyá ó di dandan kí ẹlẹ́ṣẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kí a tó dárí jì í, ní ìdáhùn. Ìlàjà gba ènìyàn méjì: nípa rẹ̀ ni Lúùkù orí kẹtàdínlógún gbé sọ ti ẹni tí ó padà wá tí ó wí pé òun ronú pìwà dà. Ìdáríjì gba ẹnì kan ṣoṣo àti Ọlọ́run rẹ̀. Àwọn tí ó kan Olúwa mọ́ àgbélébùú kò bẹ̀ ẹ́, àwọn tí ó sọ Stéfánù lókùúta kò bẹ̀ ẹ́. Bí Crowther bá ní kí òun dúró de ẹ̀bẹ̀, ó ti dúró kọjá ẹnu ibojì.

Báwo ni a ó ṣe wá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní èyí? A mọ ọ̀nà tí ó rọrùn. Ọmọ méjì jà, olùkọ́ pè wọ́n jáde, ó ní kí èkíní wí pé kí èkejì má bínú, ó ní kí èkejì wí pé òun ti dárí jì í, wọ́n sì padà sídìí ìṣirò. Kò burú, ó ń mú kí ilé ẹ̀kọ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ni ó kọ́ wọn. Lójú tiwa, ó sàn kí a mú wákàtí ẹ̀kọ́ Bíbélì kan, kí a sọ ìtàn Àjàyí láti Òṣogùn dé inú ọkọ̀ Myrmidon, kí a sì dúró níbi tí ọwọ́ ọmọ náà wà lókè orí Potogí. Kí a bi wọ́n pé, ṣé kí ó lù ú àbí kí ó má lù ú? Ọ̀pọ̀ wọn yóò wí pé kí ó lù ú. Kí a má ṣe bá wọn wí, nítorí òtítọ́ inú wọn ni wọ́n sọ, ọmọ agbo ilé tí ó ń bá agbo ilé kejì jà sì wà lára wọn. Lẹ́yìn náà kí a sọ fún wọn pé ọmọ yìí dàgbà, ó di olùkọ́, ó sì kọ lẹ́tà kan ní ọdún 1837, kí a sì sọ ohun tí ó wí níbẹ̀ nípa ìlù náà. Kí a wá béèrè lọ́wọ́ wọn ìdí tí ó fi wí bẹ́ẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tí ó bi í. Kí a má ṣe sáré dáhùn fún wọn. Bí agogo bá tilẹ̀ lù, kí a jẹ́ kí ó lù.